Àwáwù Kò Sí Nílé

Ọjọ́ kẹ́sàn-án rèé tí Àwáwù ti wà ní Ọ̀fà,
ó lọ wẹ ọmọ tuntun fún Mọ́ínátù.
Ó fi èmi àti Sẹ́kínátù ọmọ ọmọ wa sílẹ̀,
ó fi adìyẹ mẹ́rin sílẹ̀,
ó fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ tó pọ̀ ju adìyẹ lọ.

Mo ti ránṣọ fún ogójì ọdún ní Pàkátà.
Mo lè wo èèyàn lókèèrè
kí n mọ iye yáàdì tí yóò gbà á.
Ṣùgbọ́n iyọ̀! Ta ló ń fi téèpù wọn iyọ̀?

Búrẹ́dì la jẹ lọ́jọ́ Àlàmísì,
búrẹ́dì la jẹ lọ́jọ́ Jímọ̀.
Lọ́jọ́ Sátidé, Sẹ́kínátù wo búrẹ́dì, ó wo mí,
ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká se indomí, kí adìyẹ wà nínú ẹ̀."
Mo pe Àwáwù. Ó ní,
"Ẹ mú èyí tó dúdú, kò yé ẹyin mọ́ látìgbà òjò.
Ẹ má fọwọ́ kan ọlọ́rùn-funfun mi o."

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Iná kò sí.
Gbogbo adìyẹ ló dúdú nínú òkùnkùn.
Mo ṣe bísímílà, mo dúńbú rẹ̀,
a da omi gbígbóná sí i,
Sẹ́kínátù tan tọ́ọ̀ṣì sí ọrùn rẹ̀:
ó funfun bí òwú.
Àwa méjèèjì dákẹ́.
Ọmọ náà ló kọ́kọ́ lanu: "Bàbá, ó ṣáà ti kú."

Èédú ràn. Mo gé ẹran náà ní oríkèé,
bí ẹni ń tú ojú rírán.
Àlùbọ́sà kan, ata rodo mẹ́ta, ọ̀kan jábọ́, ó ku méjì,
táìmù tí mo fi ìka bù.
Òórùn rẹ̀ fo ògiri,
ó bá Ìyá Búsàrí níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá,
ìyá náà sì fọ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Adìyẹ ìbílẹ̀ kì í kánjú rọ̀.
Mo lọ kírun Ìṣáì, mo padà dé,
ó ṣì ń bá eyín jà.

Mo mú indomí, mo fẹ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.
Sẹ́kínátù figbe ta: "Wọn kì í fọ́ ọ! Ó máa ń gùn ni!"
Mo ní èmi ni mo mọ okùn,
okùn gígùn ní í há ni lọ́fun.
Ó ní Ìyá Àgbà kì í fọ́ ọ.
Mo bá panu mọ́.
A gbé e sínú omi ẹran lódindi,
ó kọ́kọ́ le gan-an bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀,
lẹ́yìn náà ó tú,
bí òwú tó bọ́ mọ́ ọmọ-iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́.

Ó ku iyọ̀. Mo tún pe Àwáwù.
"Ẹ bu..." Fóònù kú.
Kí n bu kí ni? Ṣíbí? Ẹ̀kúnwọ́?
Mo di ojú, mo rí ọwọ́ rẹ̀:
àtàǹpàkò àti ìka méjì,
ó máa ń gbọn díẹ̀ padà sínú ike.
Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń dúró de oúnjẹ,
n kò mọ̀ pé mo ń wò ó.

Àwo kan la ti jẹ ẹ́.
Sẹ́kínátù ń fà á ṣùrù, omi rẹ̀ ta sí mi nírùngbọ̀n.
Ó ní, "Ó dùn, àmọ́ kò jọ ti Ìyá Àgbà."
Mo ní, "Jẹun."
Ó rí iwe nísàlẹ̀ ìkòkò. "Ta ló ni èyí?"
Láti ayé baba mi, baálé ló ń jẹ iwe.
Mo wé e sínú ọ̀rá,
mo ní kó gbé e lọ fún Ìyá Búsàrí,
àwọn ló ní fíríìjì tó ń lo sólà.

Ọjọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀ ni Àwáwù yóò dé.
Yóò kọ́kọ́ ka adìyẹ.
Yóò tún wọn kà.
N óò ti gbé iwe kaná sílẹ̀ dè é.